Wíwo ẹyẹ lẹ́nu odò nígbà ìwọ́wé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Ohun tí mo ní í sọ níbí jẹ mọ́ àwọn ẹnu odò tó wà ní etíkun Yúróòpù, níbi tí odò ti ń wọ òkun, tí omi òkun ń kún tó sì ń fà lójoojúmọ́, àti àwọn àbàtà tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tó ti ń wo ẹyẹ tipẹ́, ẹ forí jì mí níbi tí mo bá ti ń sọ ohun tí ẹ ti mọ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ìwọ́wé?

Torí pé ìgbà yẹn, tó wà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù ilẹ̀ Yúróòpù, ni ẹnu odò máa ń kún fún àlejò. Àwọn ẹyẹ tó lọ pamọ ní ilẹ̀ olótùútù, bíi Siberia, Greenland àti àríwá Kánádà, á máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kí yìnyín tó bo oúnjẹ wọn mọ́lẹ̀. Àwọn kan á dúró lẹ́nu odò títí ìgbà òtútù á fi kọjá. Àwọn mìíràn á kàn jẹun, wọ́n á sanra, wọ́n á tún gbéra.

Wọn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín àwọn curlew, ẹyẹ etídò ńlá tí àgógó rẹ̀ gùn, ìyá sábà máa ń fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá wọn, á bá tirẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí abo curlew létí òkun láti oṣù Kẹfà. Àwọn àgbà tó kù á tẹ̀ lé e. Láti òpin oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ ọdún náà ń dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí òbí tó mú wọn lọ́nà, ohun tí mi ò tíì yéé kà sí ìyanu. Pẹ́pẹ́yẹ igbó àti goose, ìyẹn ìbátan pẹ́pẹ́yẹ tó tóbi tó sì gùn lọ́rùn, á wá dé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ lè fi sílẹ̀, ẹ mú un láàárín ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá. Àwọn tó ń kọjá kò tíì lọ tán nígbà náà, àwọn tó fẹ́ dúró sì ti ń wọlé.

Aago mélòó ló yẹ ká débẹ̀ láàárọ̀?

Ẹ fi aago sílẹ̀, ẹ wo omi. Bí ẹ bá máa ka ìdáhùn kan péré lójú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí.

Nígbà tí omi òkun bá fà, ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ bí ẹní títí ojú ò fi ní tó o mọ́. Àwọn ẹyẹ á fọ́n ká sórí rẹ̀, èyí tó sún mọ́ yín jù lè wà ní ìdajì máìlì sí yín. Ẹ ó rí àmì dúdú tó ń rìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí omi bá sì kún tán, kò ní sí ẹrẹ̀ kankan mọ́. Gbogbo wọn á ti kóra jọ síbì kan tó ga díẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n á ki àgógó bọ inú ìyẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa sùn. Àárín méjèèjì lọjà ti ń ná. Bí omi ṣe ń kún bọ̀ ni ẹrẹ̀ ń dín kù, bí ẹrẹ̀ ṣe ń dín kù ni ẹyẹ ń sún mọ́ etí. Omi fúnra rẹ̀ ló ń dà wọ́n bọ̀ wá bá yín bí darandaran ṣe ń da ẹran. Nítorí náà, ẹ ti wà níbi tí ẹ fẹ́ dúró sí ní nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ ṣáájú kí omi tó kún tán, ẹ jókòó, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń rìn káàkiri ń lé ẹyẹ ni, kò wò wọ́n.

Nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa ń wà láàárín kíkún kan àti èkejì. Ìyẹn ni pé bí omi bá kún ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ òní, ti ọ̀la á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́wàá. Wọ́n máa ń gbé àkókò ìkún omi fún èbúté kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ka wákàtí kan tí wọ́n ń fi kún aago nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ ọn, torí àwọn kan kì í kà á. Èmi tí mò ń sọ yìí ti jí ní òru, mo ti wa ọkọ̀ lọ, mo sì débẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ẹyẹ ti sùn tán, nítorí wákàtí kan ṣoṣo yẹn.

Òṣùpá náà tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, àti lẹ́yìn tí oṣù tuntun bá lé, omi máa ń kún ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Àwọn tó wáyé nítòsí ìgbà tí ọ̀sán àti òru dọ́gba nínú oṣù Kẹsàn-án ló wà lára àwọn tó ń ga jù lọ́dún. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń dúró dè ní The Wash, ní ìlà oòrùn England. Omi á bo ẹrẹ̀ pátápátá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún knot, ẹyẹ etídò kan tó ki, á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fò kọjá lórí àwọn èèyàn lọ bà sétí àwọn adágún tó wà lẹ́yìn bèbè ní Snettisham. Lọ́jọ́ tí omi kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹyẹ kan náà á rí ẹrẹ̀ dúró lé lọ́hùn-ún, wọn ò sì ní wá.

Kí ni kí n kó dání?

Báínókúlà, ìyẹn awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń mú nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ, dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa ní ìdájí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó ń mú nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po ogún tàn yín. Ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹyẹ á sì máa jó lójú yín. Awò awọ̀nàjíjìn olójú kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta dára púpọ̀ lórí ẹrẹ̀ tó fẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì rà á. Ẹ dúró ti ẹni tó ní i. Inú àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń dùn láti sọ pé “ẹ wá wò ó níbí.”

Ẹ wọ aṣọ tí afẹ́fẹ́ ò lè là kọjá, kó nípọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Jíjókòó lójú kan létí omi yàtọ̀ sí rírìn.

Gbogbo ẹyẹ orí ẹrẹ̀ jọra lójú mi. Báwo ni màá ṣe mọ̀ wọ́n?

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé àwọ̀, òun ló ń tan ọ̀gbẹ̀rì jẹ. Ẹ wo bí ẹyẹ náà ṣe ń jẹun.

Èyí tó bá sáré díẹ̀, tó dúró gbagidi, tó wolẹ̀, tó ṣá nǹkan kan jẹ, tó tún sáré, ìdílé plover ni. Ojú ló fi ń wá oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi tóbi tí àgógó rẹ̀ sì kúrú. Èyí tó bá sorí kodò, tó ń gún ẹrẹ̀ léraléra bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dunlin. Ó kéré, àgógó rẹ̀ dúdú, ó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níparí. Ẹ wo dunlin títí yóò fi sú yín, torí òun ni òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹyẹ kékeré yòókù di “ó tóbi ju dunlin,” “ó gùn lẹ́sẹ̀ ju dunlin,” “ó funfun ju dunlin.” Knot tóbi jù ú, ó ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Sanderling funfun jù ú, orí iyanrìn lẹ ó ti rí i, ó ń lé ìgbì tó ń fà, ìgbì sì ń lé òun náà padà bí ọmọdé tó ń ṣeré.

Àwọn ńlá kò ṣòro. Curlew ni ó tóbi jù nínú àwọn ẹyẹ orí ẹrẹ̀ wọ̀nyí ní Yúróòpù, àgógó rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, ti abo sì lè tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ti godwit náà gùn, àmọ́ ó tọ́, ó tiẹ̀ gbórí sókè díẹ̀. Oystercatcher dúdú lẹ́yìn, ó funfun níkùn, àgógó rẹ̀ pupa yòò, ariwo rẹ̀ kò sì lópin. Turnstone ń ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ, ó ń fi àgógó yí òkúta àti koríko òkun kiri.

Avocet, tó dúdú tó sì funfun lórí ẹsẹ̀ gígùn, ni mo fẹ́ràn jù. Àgógó rẹ̀ yí sókè, ó sì ń fi gbálẹ̀ nínú omi sọ́tùn-ún sósì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò ti pamọ déédéé ní England nígbà tí àwọn díẹ̀ padà wá ní 1947, sínú àbàtà Suffolk tí wọ́n ti jẹ́ kí omi bò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èrò àwọn ológun ni láti dí ọ̀tá lọ́nà, àṣé ilé ni wọ́n ń tún ṣe fún ẹyẹ.

Ẹ̀kan ṣoṣo ni mò ń kìlọ̀ nípa rẹ̀: redshank, ẹlẹ́sẹ̀ pupa. Òun ló máa ń kọ́kọ́ rí yín. Á pariwo, á gbéra, á sì kó gbogbo àwọn tó kù dání. Bí ẹ bá rí redshank lórí bèbè níwájú yín, ẹ dúró síbi tí ẹ wà.

Ìwé sọ pé knot pupa, èyí tí mo rí dà bí eérú. Ṣé mo ṣì í mọ̀ ni?

Rárá. Pupa yẹn jẹ́ aṣọ ìgbà tí wọ́n bá ń pamọ. Nígbà ìwọ́wé wọ́n máa ń pààrọ̀ ìyẹ́, ẹ sì lè rí ẹyẹ mẹ́ta ti ìran kan náà lórí ẹrẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan ṣì pupa, kí èkejì ní pàlàpálá, kí ẹ̀kẹta ti di eérú pátápátá. Dunlin náà ní ikùn dúdú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń bọ́ ọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún yẹn tún ní tirẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tuntun, ó mọ́ roro, etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan funfun bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀sì yí i ká.

Ti pẹ́pẹ́yẹ igbó ló burú jù. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn àwọn akọ máa ń bọ́ aṣọ ẹ̀yẹ wọn sílẹ̀, wọ́n á rí bí abo, ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò pàápàá á bọ́ tí wọn ò ní lè fò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí gbogbo pẹ́pẹ́yẹ bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ lójú yín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ojú yín kò ṣàìsàn. Ẹ padà wá ní oṣù Kọkànlá.

Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ yẹn?

Oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Odò ń gbé ìdọ̀tí ọlọ́ràá wá láti òkè, òkun ń gbé tirẹ̀ wá, méjèèjì pàdé, wọ́n sì rọ̀ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ekòló òkun, ìṣáwùrú wẹ́wẹ́, àwọn abìkarawun àti ohun kéékèèké tó jọ edé ń gbé. Wọn ò rìn sísàlẹ̀ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí àgógó fi yàtọ̀ síra: ti dunlin kò jìn, ti curlew ń wọlé dé ibi tí ekòló ńlá sá pamọ́ sí. Knot kì í fọ́ ìkarawun rárá, odidi ló ń gbé e mì, iwe rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́.

Kí ló ń mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbéra lójijì láìsí ẹni tó lé wọn?

Ẹni kan lé wọn. Ẹ gbójú sókè, ẹ wá àṣá peregrine. Bó bá rọ̀ láti òkè, eré rẹ̀ lè kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹyẹ tó bá dá wà ló rọrùn fún un, nítorí náà àwọn knot àti dunlin á wọ́ ara wọn jọ bí èéfín, wọ́n á yí ikùn funfun, wọ́n á yí ẹ̀yìn eérú, wọ́n á na, wọ́n á sún kì. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Ẹni tó bá rí àwọn wọ̀nyí á kọ́kọ́ ṣiyèméjì, torí wọn ò fi àyè kankan sílẹ̀, síbẹ̀ wọn ò kọlu ara wọn.

Omi ti kún, ẹyẹ ti sùn. Kí ni ká ṣe títí yóò fi fà?

Ẹ lọ sínú àbàtà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹnu odò tí àbàtà wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyí, ọjọ́ náà kì í ní ihò. Nínú adágún tí kò jìn lẹ ó ti rí pẹ́pẹ́yẹ igbó bíi teal àti wigeon tó ń súfèé. Little egret wà níbẹ̀, tí ẹni tó mọ lékeléke á rò pé lékeléke ni, àmọ́ àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ní ẹsẹ̀ koríko, ẹ wò dáadáa, ohun tí ẹ pè ní pàǹtí gbígbẹ lè jẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní snipe. Bí ẹ bá tètè wá, ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ á máa wọ́ jọ sórí esùsú ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kọrí sí gúúsù Áfíríkà. Osprey, ẹyẹ apẹja tó ń fẹsẹ̀ mú ẹja lójú omi, náà ń kọjá nínú oṣù yẹn lọ sí Senegal àti Gambia.

Àbàtà náà ni ẹyẹ tó ṣìnà sábà máa ń bà sí. Bí ìjì bá ti ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, pectoral sandpiper láti Amẹ́ríkà lè wà láàárín àwọn dunlin. Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò torí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ṣé mo lè rìn wọ orí ẹrẹ̀ kí n lè sún mọ́ wọn?

Ẹ má dán an wò. Ẹrẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ le lè mu yín dé itan, omi tó ń kún sì máa ń gba inú kòtò wọlé sí ẹ̀yìn yín kí ẹ tó rí i níwájú. Bàtà mi kan ṣì wà níbì kan báyìí, mítà mẹ́ta péré sí bèbè.

Kí ló burú nínú kí wọ́n fò díẹ̀, kí n lè ya fọ́tò?

Fífò ń jẹ ọ̀rá tí wọ́n kó jọ. Ẹyẹ tó ń sinmi nígbà tí omi kún kò ní ibòmíràn tó máa lọ, kò sì ní rí oúnjẹ títí omi yóò fi fà. Bí èèyàn mẹ́wàá bá lé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, ó ti jẹ gbèsè. Ẹ so ajá mọ́ ọwọ́, ẹ má yọrí lórí bèbè bí òpó, ẹ sì lo ilé onígi tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń wo ẹyẹ bó bá wà.

Báwo lẹ ṣe ń ka ẹyẹ tó tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún?

Ẹ ka mẹ́wàá ní oókan-oókan, kí ẹ wo bí mẹ́wàá ṣe gba àyè tó nínú agbo náà. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn ka ọgọ́rùn-ún, ẹ fi ọgọ́rùn-ún ka ìyókù. Ẹ ó ṣì í ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ó kà á kéré jù. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré lásán: láti 1967 ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń ka ẹyẹ omi ní oṣù Kìíní ọdọọdún ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mọ ìran tó ń dín kù.

Mo rí ẹyẹ kan tó ní òrùka aláwọ̀ mèremère lẹ́sẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ àwọ̀ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò láti òkè sísàlẹ̀, ẹ kọ ẹsẹ̀ wo ló wà, ọ̀tún tàbí òsì ti ẹyẹ fúnra rẹ̀, àti lẹ́tà tó bá wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń bójú tó òrùka ẹyẹ ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Wọ́n sábà máa ń dá yín lóhùn, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ti fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀ àti ọdún tó jẹ́. Hans Christian Mortensen, olùkọ́ kan ní Denmark, ló bẹ̀rẹ̀ àṣà fífi òrùka tó ní nọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ ní 1899.

Níbo ni àwọn tó ń kọjá ń lọ gan-an?

Ọ̀pọ̀ wọn ń dúró ní Wadden Sea, ẹrẹ̀ tó tẹ́ lọ láti Netherlands gba Jámánì dé Denmark, níbi tí ẹyẹ mílíọ̀nù mẹ́wàá sí méjìlá ń gbà kọjá lọ́dún. Láti ibẹ̀, knot tó wá láti Siberia ń sọ̀ kalẹ̀ dé Banc d'Arguin ní Mauritania, níbi tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ẹyẹ etídò ti ń lo ìgbà òtútù. Èyí tó wá láti Greenland àti Kánádà kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, Yúróòpù náà ló ń dúró sí. Ẹyẹ kan náà lójú yín, ọ̀nà méjì.

Ní ti jíjìnnà, bar-tailed godwit ló gba ipò kìíní. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ọ̀kan tí kò ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ gbéra láti Alaska, ó sì bà sí Tasmania, ní Australia, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, kìlómítà 13,560, láìbalẹ̀ jẹun, láìbalẹ̀ mumi. Kí wọ́n tó gbéra irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ìfun àti iwe wọn máa ń sún kì kí ara lè fúyẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ kan tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn ìlú kan ṣoṣo. Ní 2006, wọ́n fi ògiri kìlómítà 33 dí ẹnu odò méjì pa ní Saemangeum, ní South Korea. Ọ̀pọ̀ great knot, ìbátan knot, tó ń sinmi níbẹ̀ kò rí ibòmíràn lọ, iye wọn sì já wálẹ̀ gan-an.

Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?

Ẹ lọ. Ìkùukùu tí kì í jẹ́ kéèyàn ríran ló burú.

Nígbà wo ni kí n padà sílé?

Ẹ má tíì lọ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Àwọn pink-footed goose tó ti Iceland wá ń jẹ nínú oko ní ọ̀sán, orí ẹrẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn sí. Brent goose tó ti Siberia wá ti máa wà lórí omi nítòsí yín, ẹ fi báínókúlà wo apá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó bá ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí apá jẹ́ ọmọ ọdún yìí. Lọ́dún tí eku lemming bá pọ̀ ní Siberia, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jẹ eku, ó ń fi ọmọ goose sílẹ̀, ẹ ó sì rí ọmọ púpọ̀. Lọ́dún tí eku bá wọ́n, ẹ lè wo ọgọ́rùn-ún kí ẹ má rí méjì.

Lẹ́yìn náà ẹ pa awò yín dé, kò ní ríran mọ́. Ẹ ó gbọ́ àwọn pink-footed kí ẹ tó rí wọn, bí ariwo ọjà tó ń ti òkè jíjìn bọ̀. Wọ́n á yọ ní ìlà gígùn gígùn lójú ọ̀run tó ti ń dúdú, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n á ká apá kò, wọ́n á máa já bọ́ sórí ẹrẹ̀ níbi tí ẹ kò ti lè rí wọn mọ́. Ẹ ṣì máa gbọ́ wọn bí ẹ bá ti ń tàn iná ọwọ́ wá ọ̀nà padà sídìí ọkọ̀.